Kẹ̀kẹ́ Akẹ́rù Tí Ń Gba Iṣẹ́ Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Ṣe

Ní ìlú Copenhagen, tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Denmark, kẹ̀kẹ́ ológeere pọ̀ lọ súà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, a ó rí ìyá tàbí bàbá tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, tí ọmọ méjì jókòó níwájú rẹ̀ nínú àpótí pákó, tí a fi ìgbànú dè wọ́n mọ́ ìjókòó, tí àpò ìwé wọn sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Àpótí náà kì í ṣe ohun tí a kàn so mọ́ kẹ̀kẹ́. Ara kẹ̀kẹ́ ni. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, àpótí kan náà ni wọn yóò fi ru ọ̀dùnkún àti wàrà wálé. Èyí ni kẹ̀kẹ́ akẹ́rù.

Kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn ọmọ tí àwọn oníṣòwò ń rán níṣẹ́ ti ń fi irú rẹ̀ kan, tí a ń pè ní Long John, gbé ẹrù oníbàárà kiri ìgboro. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1973, àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá tí ó ní epo dín èyí tí wọ́n ń tà kù, owó epo sì fò sókè. Láti oṣù November ọdún náà ni ìjọba Denmark ti fi òfin de wíwa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi fún ìgbà díẹ̀. Ní 1984 ni alágbẹ̀dẹ kan ní àdúgbò Christiania, Lars Engstrøm, rọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí ó ní àpótí níwájú fún Annie, ẹnìkejì rẹ̀. Ó wu àwọn tí ó rí i, àwọn náà sì ń béèrè tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ oníṣòwò ṣe di kẹ̀kẹ́ ìdílé.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ náà wúwo. Bí a bá da òun fúnra rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọmọ méjì àti ẹrù ọjà, ó lè tó 100 kìlógírámù, láìka ẹni tí ó ń gùn ún. Lóòótọ́ ni ilẹ̀ Denmark tẹ́jú, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ òkun a máa kọjú ìjà sí ènìyàn lójú ọ̀nà títí orúnkún yóò fi máa gbọ̀n. Agbára iná mànàmáná ni ó tú irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tàbí ní àárín ọ̀kan nínú àwọn àgbá kẹ̀kẹ́ náà, bátìrì ni ó sì ń fún un lágbára. Bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀, ẹ̀rọ a ràn án lọ́wọ́. Bí ẹsẹ̀ bá dúró, ẹ̀rọ náà a dúró. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ní Yúróòpù ni pé agbára ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ ju 250 wáàtì lọ, àti pé kí ó dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró bí eré bá ti pé kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òfin kò tún kà á sí kẹ̀kẹ́ lásán mọ́.

Agbára tí kẹ̀kẹ́ yìí ń lò kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó yani lẹ́nu. Bátìrì rẹ̀ sábà máa ń gba nǹkan bí ìdajì yúnítì iná kan. Agbára tí ó wà nínú lítà epo pẹtiróòlù kan ṣoṣo tó nǹkan bí ìlọ́po méjìdínlógún ti bátìrì náà, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì yìí lè gbé ìyá àti ọmọ rìn tó kìlómítà 30. Kì í ṣe idán. Púpọ̀ nínú epo tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń mu ni ó ń di ooru. Èyí tí ó kù, ara rẹ̀ ni ó fi ń gbé, ara tí ó ju 1,000 kìlógírámù lọ, nígbà tí ọmọ tí ó ń gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lè má ju 20 lọ.

Ìdílé tí ó bá fẹ́ ra irú kẹ̀kẹ́ yìí, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ìrìn ẹsẹ̀ ara wọn ni. Kí wọ́n kọ gbogbo ibi tí ọkọ̀ wọn bá lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́, ọjà, pápá bọ́ọ̀lù, ilé ìyá àgbà. Èyí tí kò bá ju kìlómítà márùn-ún lọ, kẹ̀kẹ́ lè gbà á ṣe, nítorí nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Aarhus, tí ó ju 300 kìlómítà lọ sí Copenhagen, kò lè gbé ọmọ lọ síbẹ̀ nínú àpótí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni ó ń lọ, ọkọ̀ ojú irin wà, ọkọ̀ àháyá sì wà; ó lè ta ọkọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, kí ó má tan ara rẹ̀ jẹ. Kẹ̀kẹ́ tí a rà tí ọkọ̀ kò sì dín kù ní ilé, ìnáwó kún ìnáwó ni. Owó rẹ̀ kò sì kéré: tuntun tí ó ní ẹ̀rọ lè gba 30,000 kroner tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí kẹ̀kẹ́ gan-an, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni àríyànjiyàn àkọ́kọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta a máa dá dúró, ọmọ lè gùn ún fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi eré yà níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀, ẹsẹ̀ kan lè gbé sókè, kí ó sì fẹ́ dojú dé. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì a máa fara tẹ̀ bí ọ̀nà ti tẹ̀, ó sì yá lẹ́sẹ̀. Àmọ́ ó gùn gbọọrọ, ó sì gba kí a fi ọjọ́ mélòó kan kọ́ ọ láìgbé ọmọ. Kò sí èyí tí ó dára ju èkejì lọ fún gbogbo ènìyàn. Ẹrù ni kí olùrà dì sínú àpótí, ìwọ̀n tí yóò máa gbé gan-an, kí ó sì gùn ún dáadáa kí ó tó sanwó. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣàṣàyàn àwọ̀ àpótí tí wọn kò béèrè ọ̀rọ̀ bíréèkì. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ní oṣù February 2024, ìjọba Netherlands dá ilé-iṣẹ́ kan tí ń ta kẹ̀kẹ́ akẹ́rù dúró, nítorí pé irin àwọn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ń ṣẹ́. Ọmọ ni ó ń jókòó lórí irin yẹn.

Ibi tí kẹ̀kẹ́ yóò sùn náà gba ìrònú. Kò ṣeé gbé gun àtẹ̀gùn ilé alájà márùn-ún. Àgbàlá ni yóò wà, kí àgádágodo rẹ̀ sì nípọn, nítorí àwọn olè mọ iye rẹ̀. Bátìrì nìkan ni a lè yọ gbé wọlé, ó sì yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù, torí òtútù a máa dín ọ̀nà tí ó lè rìn kù. Ẹ̀rọ tí wọ́n tà mọ́ ọn nìkan ni kí a fi máa fún un ní iná. Èyí tí kò bá a mu lè dá iná sílẹ̀ nínú ilé.

Bí ọmọ bá dàgbà, tí ó sì lè gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, àpótí a ṣófo lówùúrọ̀. Àwọn mìíràn a dá a dúró fún ẹrù ọjà, àwọn mìíràn a tà á fún ìdílé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹni tí yóò ra irú àlòkù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí bátìrì ni kí ó kọ́kọ́ béèrè.