Ọmọ Tí Ó Padà Sí Ìlú Àjò

Àwọn àgbà a máa wí pé, àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wálé wá kí àwọn òbí rẹ̀ kò ní ṣàì padà sí ìlú tí ó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ní Adó-Èkìtì àti àyíká rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní òkè òkun. Nígbà tí ó bá ń padà lọ, àwọn ará ilé a wí pé, “Kò séwu, ó kúkú ti mọ ibẹ̀.” Ǹjẹ́ mímọ ìlú nìkan ha tó fún ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀ bí?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn Amòfin Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta. Ní 1922 ni ó lọ sí London láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ó bá òtútù àti àìlówó pàdé níbẹ̀, ó sì rí i pé àwọn onílé a máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ ènìyàn dúdú tí ó ń wá yàrá. Ní 1925, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Ní 1929 ó padà wá sí ilẹ̀ wa, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń tọrọ owó ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè máa wọ̀ sí.

Nígbà tí ó tún dé London ní 1932, ìlú náà kò ṣàjèjì sí i mọ́. Ó mọ ọ̀nà, ó mọ ilé ẹjọ́, ó mọ òtútù. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ wọ̀nyí kò lè ṣí ìlẹ̀kùn tí a tì. Owó tí àwọn ènìyàn dá jọ ni ó ṣí i. Ní 1933 a ṣí ilé ẹgbẹ́ náà ní òpópó Camden, Ìyáàfin Ọpẹ́olú, aya rẹ̀, sì di ìyá ilé. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó dé láti Áfíríkà ní ibi tí ó lè sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Ní 1933 kan náà ni Alàgbà Dallimore, òjíṣẹ́ Ìjọ C.M.S., dá Christ’s School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Nínú ọdún kan, a ṣí ilé tí yóò kọ́ ọmọ wa níhìn-ín, a sì ṣí ilé tí yóò gbà á lálejò lọ́hùn-ún. Èkejì ṣe dandan bí èkíní.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ka ọmọ tí ó padà lọ sí ẹni tí ara ti tù. Nígbà àkọ́kọ́, ohun tuntun gba ojú rẹ̀. Nígbà kejì, àárò ilé ni ó gba ọkàn rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ti parí ẹ̀kọ́ wọn kí wọ́n sì ti lọ. Ẹlòmíràn lè ti gba yàrá rẹ̀. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí. Ẹ má ṣe bi í léèrè ìdánwò nìkan; ẹ bi í pé ta ni ó ń bá a jẹun. Ẹ má sì ṣe di ẹrù ìbéèrè owó rù ú kí ó tó fìdí kalẹ̀.

Ìwọ ọmọ wa pẹ̀lú, má ṣe ti ìlẹ̀kùn mọ́ra. Wá ilé Ọlọ́run rí ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, kí o sì kí àwọn aládùúgbò rẹ. Bí o bá gbọ́ pé ọmọ Èkìtì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lọ pàdé rẹ̀, kí o sì fi ọ̀nà hàn án. Ẹni tí ó bá gba àlejò ni ó ti di onílé.

Kí Olúwa kí ó mú gbogbo wọn lọ, kí ó sì mú wọn bọ̀ ní àlàáfíà.