Ẹ̀rọ Ìjórin Oníwáyà: Bí A Ṣe Lè Lò Ó Láìfi Ojú àti Ẹ̀mí Tọrẹ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ń gbé láàárín Àpápá àti Àjẹ́gúnlẹ̀. Láti ọdún 1921, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ibùdókọ̀ omi jíjìn mẹ́rin àkọ́kọ́ ní Àpápá, títí di ọdún 1977 tí a ṣí èbúté Tin Can Island, àti títí di òní olónìí, iṣẹ́ irin ń tẹ̀lé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi bí òjìji ti ń tẹ̀lé ènìyàn. Irin ni ọkọ̀ tí ó gbé ẹrù wá, irin ni àpótí ńlá tí ẹrù wà nínú rẹ̀, irin sì ni ọkọ̀ àjàgbé tí yóò kó o lọ. Irin a máa kán, afẹ́fẹ́ ọ̀sà a sì máa mú un dípàárà. Ìdí nìyí tí ìsọ̀ wẹ́dà kò fi lè ṣọ̀wọ́n ní Marine Beach àti agbègbè rẹ̀.

Àwa fúnra wa kì í ṣe wẹ́dà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òbí bá fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n a máa pè wá láti jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ọmọ náà bá sì gba òmìnira, àwa kan náà ni a ń pè láti wá gbàdúrà. Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n mú ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Ojú rẹ̀ méjèèjì wú, omi ń dà níbẹ̀, ó sì ń ké pé ńṣe ni ó dàbí ẹni pé wọ́n bu ata sí òun lójú. Kí ni ó ṣe é? Ó ti ń di irin mú fún ọ̀gá rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, awò òòrùn lásán ni ó sì fi bojú. Ọ̀gá ní ìbòjú tirẹ̀. Ọmọ kò ní. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ojú náà sì sàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa léèrè pé, àwa tí a fi ọwọ́ sí ìwé ọmọ yìí, ǹjẹ́ a béèrè ohun tí ó yẹ kí a béèrè? Ohun tí a gbọ́ láti ẹnu àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dájú, àti ohun tí a kà, ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí àwọn wẹ́dà ń pè ní MIG. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, ọ̀pá kékeré tí a fi oògùn bò lára ni a fi ń jó irin pọ̀. Bí ó bá jó tán, a óò sọ kùkùté rẹ̀ nù, a óò sì fi òmíràn sí i. Ṣùgbọ́n nínú èyí, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ká sára kẹ̀kẹ́ kan nínú ẹ̀rọ. Bí a bá ti fi ìka fa ohun ìfà tí ó wà lára ìbọn rẹ̀, wáyà yóò máa jáde fúnra rẹ̀, yóò sì máa yọ́ sára irin. Gáàsì a máa bá a jáde láti lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá kan irin tí ó yọ́, ojú ìjó náà yóò ní ihò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí afárá oyin, kò sì ní lágbára. Ní ọdún 1948 ni a mú ọgbọ́n yìí jáde ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1953 ni a sì fi hàn pé gáàsì carbon dioxide, tí kò wọ́n, lè ṣe iṣẹ́ náà fún irin lásán. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn ká ayé.

Ẹ̀rọ yìí rọrùn láti kọ́. Ẹni tí ó fọwọ́ kàn án lówùúrọ̀ lè fi jó irin pọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ewu wà, nítorí ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan yóò rò pé òun ti di ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ire tàbí ibi tí ẹ̀rọ yìí yóò ṣe, kí a tó fa ohun ìfà rẹ̀ ni a ti ń pinnu rẹ̀.

Èkíní ni ibi iṣẹ́. Kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, nítorí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́ fún ẹni tí ó dúró sáàárín wọn. Bí òjò bá ti rọ̀ tí àgbàrá sì dúró sí ìsọ̀, kí a má ṣe iṣẹ́ lọ́jọ́ náà títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Kí a kó epo, àkísà, igi gbígbẹ àti rọ́bà jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 35, nítorí ẹ̀ta iná a máa fò, a sì máa yí lórí ilẹ̀ lọ síbi tí ojú kò tó. Kí garawa iyanrìn àti ohun ìpaná wà nítòsí. Lẹ́yìn èyí, kí a ro ti afẹ́fẹ́. Atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti ojú omi dára fún ara wa, ṣùgbọ́n a máa gbá gáàsì ẹ̀rọ yìí lọ kúrò lẹ́nu ìbọn. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní gbangba gbọ́dọ̀ fi páànù ṣe ìdábùú sí ìhà ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tàbí kí ó lo wáyà oníhò tí oògùn wà nínú rẹ̀, èyí tí kò nílò gáàsì.

Èkejì ni iná àti okùn rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré a máa lo iná 230 fóltì. Àwọn ńlá a máa béèrè iná ìlà mẹ́ta. Kí a ka ohun tí a kọ sára ẹ̀rọ, kí a sì rí i pé okùn, fúùsì àti jẹnẹrétọ̀ tí a óò lò tó ẹrù tí ẹ̀rọ náà yóò dì lé wọn. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ilé tàbí lẹ́nu fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ a máa pa ènìyàn láìjẹ́ kí ó mọ̀. Okùn tí ara rẹ̀ ti bó, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rá lásán tí a wé mọ́ ọn kì í ṣe àtúnṣe. Okùn tí ó ní ẹ̀mú lẹ́nu, tí ń dá iná padà sínú ẹ̀rọ, kí ó mú irin tí a fọ̀ mọ́, kí ó sì súnmọ́ ojú ibi tí a ń jó. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ lára ọkọ̀, kí a kọ́kọ́ tú okùn bátìrì rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni wáyà àti gáàsì. Fún páànù ara ọkọ̀ àti irin tí kò nípọn, wáyà 0.8 mìlímítà ni ó sábà máa ń bá a mu. Kẹ̀kẹ́ kékeré tí ń ti wáyà jáde gbọ́dọ̀ ní ojú tí ó bá ìwọ̀n wáyà náà mu. Kí a má ṣe fún un le jù. Bí ohun kan bá dí wáyà lọ́nà, ó sàn kí kẹ̀kẹ́ náà yọ̀ lórí rẹ̀ ju kí wáyà lọ́ pọ̀ nínú ẹ̀rọ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Wáyà tí ń lo gáàsì, okùn ìbọn rẹ̀ ni kí ó wà ní ẹnu tí a sàmì + sí. Èyí tí oògùn wà nínú rẹ̀ tí kò lo gáàsì, ẹnu tí a sàmì − sí ni tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Kí a wo ohun tí a kọ sára páálí wáyà kí a tó so ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bú ẹ̀rọ nígbà tí ó jẹ́ pé ibi tí wọ́n so okùn sí ni kò tọ́. Sìlíńdà gáàsì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kí a sì fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ ògiri tàbí mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí bí ó bá ṣubú tí ọrùn rẹ̀ sì kán, yóò fò bí ọta ìbọn. Omi ọṣẹ ni a fi ń wò bóyá gáàsì ń jò: níbi tí ó bá ti ń hó, ibẹ̀ ni ihò wà. Nǹkan bí lítà 10 sí 15 ní ìṣẹ́jú kan tó fún iṣẹ́ inú ìsọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìdánwò. Kí a kọ́kọ́ jó àlòkù irin kan tí ó nípọn bí èyí tí a fẹ́ ṣe, kí a ti ha ọ̀dà àti ìpáàrà kúrò lára rẹ̀. Kí wáyà yọ jáde ní nǹkan bí mìlímítà 10 sí 15 láti ẹnu ìbọn. Kí a wá fi etí sílẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n, ìró rẹ̀ yóò dà bí ìró àkàrà nínú epo gbígbóná, láìdúró, láìbú gbàù. Bí wáyà bá ń ti ọwọ́ wa sẹ́yìn, ó ń yára jù. Bí ó bá ń jó padà títí dé ẹnu ìbọn, ó ń lọ́ra jù.

Ẹ̀karùn-ún ni ara ènìyàn. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ yìí le ju ti ọlọ́pàá àtijọ́ lọ, nítorí èéfín tí ó lè bò ó kò pọ̀. Dígí ìbòjú tí nọ́ḿbà rẹ̀ wà láàárín 10 sí 13 ni ó yẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí agbára iná bá ti pọ̀ sí. Awò òòrùn kì í ṣe ìbòjú. Ojú tí ìmọ́lẹ̀ yìí bá jó kì í dun ni lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, nígbà tí a ti sùn, ni ìrora yóò dé. Kí a má ṣe kán ohunkóhun sí i bí kò ṣe èyí tí oníṣègùn bá fún ni. Ẹni tí ń di irin mú, àti ọmọdé tí ó dúró ń wòran, ojú tiwọn náà ni ojú. Kí a wọ ìbọ̀wọ́ awọ, aṣọ òwú tí ó gùn dé ọwọ́, àti bàtà tí ó bo ẹsẹ̀. Aṣọ ọlọ́ràá a máa yọ́ mọ́ ara.

Èéfín pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Irin tí a fi síǹkì bò, bí páànù òrùlé àti irú páìpù omi kan, a máa mú èéfín funfun jáde tí í fa ìgbóná ara àti òtútù lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, tí ẹlòmíràn yóò sì máa pè é ní ibà. Kí a ha síǹkì náà kúrò. Oògùn kan wà tí àwọn mẹkáníìkì fi ń fọ bíréèkì. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a fi kiloríìnì ṣe, iná ìjórin lè sọ ọ́ di gáàsì olóró tí a ń pè ní phosgene. Kí a má ṣe fi í fọ irin tí a fẹ́ jó láé. Ní ọdún 2017, àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka èéfín ìjórin mọ́ àwọn ohun tí ó ń fa jẹjẹrẹ sí ènìyàn lára. Nítorí náà, kí a má ṣe tẹ orí sínú èéfín. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí ńlá tàbí inú àgbá, kí ó rántí pé gáàsì ẹ̀rọ yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, òórùn rẹ̀ kò sì hàn. Ó lè kún ibẹ̀ tí ẹni náà yóò sì dákú láìké. Kí ó má ṣe wọ ibẹ̀ láìsí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i àti ẹni tí ń ṣọ́ ọ lóde.

Ẹ̀kẹfà ni èyí tí ó kan àdúgbò wa jùlọ, ìyẹn ni ọkọ̀ tánkà. Àwọn baba wa ní àgbá òfìfo ní í pariwo. Nínú iṣẹ́ yìí, ariwo náà ni ikú. Epo bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ kọ́ ni í bú gbàù, bí kò ṣe oru rẹ̀ tí ó pò mọ́ afẹ́fẹ́. Bí oru náà bá ti tó nǹkan bí ìdá 1.4 sí ìdá 7.6 nínú 100, ẹ̀ta iná kan tó. Tánkà tí a ti tú epo inú rẹ̀ dànù lánàá lè wà ní ìwọ̀n yìí gan-an. Ṣíṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ sóòrùn kò tó. A gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa pẹ̀lú ooru omi, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn oru inú rẹ̀ kí a tó súnmọ́ ọn. Wẹ́dà tí kò ní ohun èlò wọ̀nyí, kí ó kọ iṣẹ́ náà. Awakọ̀ yóò bínú, owó yóò sì lọ. Ṣùgbọ́n owó a tún máa padà wá.

Ẹ̀keje ni ìtọ́jú. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí a dúró ti ibẹ̀ fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, nítorí iná a máa fara pamọ́ sínú àkísà. Kí a ti ẹnu sìlíńdà, kí a sì pa ẹ̀rọ. Lóòrèkóòrè, kí a ha ìdọ̀tí irin kúrò lẹ́nu ìbọn, kí a pààrọ̀ ẹnu bàbà kékeré tí wáyà ń gbà jáde bí ihò rẹ̀ bá ti fẹ̀, kí a sì fẹ́ eruku kúrò nínú ọ̀nà wáyà. Ní etí omi bí tiwa yìí, kí a má ṣe fi wáyà sílẹ̀ láìbò mọ́jú. Kí a fi ọ̀rá dì í. Wáyà tí ó dípàárà a máa ba ọ̀nà rẹ̀ jẹ́, a sì máa ba iṣẹ́ jẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá tún mú ọmọ lọ sí ìsọ̀, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀gá: Ìbòjú mélòó ni ó wà níhìn-ín? Níbo ni ohun ìpaná wà? Kí ni ẹ máa ń ṣe bí awakọ̀ bá mú tánkà wá? Ọ̀gá rere kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Àwa náà ti pinnu pé a kò ní fọwọ́ sí ìwé ọmọ kankan mọ́ láìjẹ́ pé a rí ìbòjú tirẹ̀ lórí ìṣó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.