Ṣé wọ́n pè é ni, àbí wọ́n jí i?

Àbúrò bàbá mi kan wà ní Mushin tí kò fẹ́ràn orin ráàpù rárá. Dádì Mushin la máa ń pè é. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi fọn trumpet nínú ẹgbẹ́ olórin highlife, lójú tiẹ̀, àwa ọmọ ìsinsìnyí kì í kọrin, ariwo la ń pa. "Ẹ ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, ẹ wá ní orin ni."

Lọ́jọ́ kan, mo fi fóònù mi tan orin kan fún un. "Loungin'" ni orin náà ń jẹ́. Bó ṣe gbọ́ ìlù hip-hop báyìí, ó yínmú. Àmọ́ nígbà tí trumpet inú ẹ̀ dún, ó gbórí sókè. Ó ní, "Dúró ná. Donald Byrd nìyẹn!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó wò mí lójú, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní: "Ṣé wọ́n pè é ni, àbí wọ́n jí i?"

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì gbọ́ àwo tí orin yẹn wà nínú ẹ̀. Jazzmatazz, Apá Kìíní, lorúkọ rẹ̀, ọdún 1993 ló jáde. Guru ló ṣe é. Keith Elam lorúkọ àbísọ rẹ̀, ọmọ ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ni, òun àti DJ Premier ni wọ́n jọ ń jẹ́ Gang Starr. Nígbà yẹn, kì í ṣe nǹkan tuntun mọ́ kí olórin hip-hop lo jazz. A Tribe Called Quest ti ń ṣe é, Gang Starr gan-an ti ń ṣe é. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á wá àwo àtijọ́, wọ́n á gé ìwọ̀nba díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á máa yí i ká, wọ́n á sì kọrin lé e lórí. Ẹni tó fọn fèrè inú ẹ̀ lè wà nílé rẹ̀ kó má mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Lọ́dún 1991, ilé ẹjọ́ kan ní New York dá Biz Markie lẹ́bi pé ó lo orin olórin míì láìgbàṣẹ. Látìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti di ọ̀rọ̀ owó àti lọ́yà.

Ohun tí Guru ṣe yàtọ̀. Àwọn tó ni fèrè gan-an ló lọ pè. Donald Byrd, ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn, gbé trumpet wá. Roy Ayers wá lu vibraphone. Lonnie Liston Smith jókòó sídìí dùùrù, Branford Marsalis fọn saxophone. Courtney Pine wá láti London, MC Solaar sì fi èdè Faransé ṣe ráàpù tiẹ̀. Gbogbo wọn lorúkọ wọn wà lára àwo náà gbangba.

Kò yà mí lẹ́nu pé Byrd gbà láti wá. Olùkọ́ ni bàbá yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Howard ló kó jọ tó fi dá ẹgbẹ́ The Blackbyrds sílẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í da funk pọ̀ mọ́ jazz, àwọn kan bú u pé ó ti ba orin jẹ́. Ẹni tí wọ́n ti bú báyẹn rí kò ní tètè pe orin ọmọdé ní ariwo.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé níbí náà o. Roy Ayers tí mo dárúkọ yẹn wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1979, òun àti Fela jọ ń ṣeré kiri. Wọ́n jọ ṣe àwo kan tó ń jẹ́ Music of Many Colours, ó jáde lọ́dún 1980. Kò sẹ́ni tó gé orin ẹnì kejì nínú wọn. Wọ́n jọ dúró lórí ìtàgé kan náà ni, wọ́n jọ làágùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí n rọra, pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó gé orin lolè. Òótọ́ ni. Èmi náà ń ṣe bíìtì, mo máa ń gé orin. Orin tí wọ́n gé ló jẹ́ kí n mọ Donald Byrd rárá, ká ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ibo ni ǹ bá ti gbọ́ orúkọ ẹ̀? Àmọ́ ohun kan wà tí àwo ò lè ṣe. Àwo ò lè dáhùn. Kò lè sọ fún ẹ pé bíìtì ẹ ò dáa. Àgbà tó bá jókòó sítòsí á sọ ọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí àgbà kọ́kọ́ kú ná.

Ẹ wo Tony Allen, onílù Afrobeat, ọmọ Èkó tí wọ́n bí lọ́dún 1940. Nígbà tó dàgbà, ó fẹ́ kí òun àtàwọn ọ̀dọ́ olórin ráàpù jọ ṣe àwo kan. Ó lu ìlù tiẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 2020, ó kú ní Paris. Ọdún kan gééré lẹ́yìn ìyẹn ni àwo náà, There Is No End, jáde. Skepta wà níbẹ̀, Danny Brown wà níbẹ̀, Sampa the Great náà wà níbẹ̀. Àwo náà dùn gan-an. Síbẹ̀, mi ò lè gbọ́ ọ kí n má rántí pé ẹni tó yẹ kó jókòó sáàárín wọn ti lọ nígbà tí wọ́n ń parí iṣẹ́ náà.

Kí n tó na ìka sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ tèmi. Lọ́jọ́ tí Dádì Mushin gbọ́ "Loungin'" yẹn, ó dìde, ó gbé trumpet rẹ̀ jáde, ó nù ún, ó fọn ọ́n fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ní, "Gbé bíìtì ẹ wá jàre, ká jọ wò ó." Mo ní, "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, sà." Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Tí kì í bá ṣe iṣẹ́, á jẹ́ gósílóò. Oṣù kẹjọ ni wọ́n pè mí pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Ó ń rìn báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò gba fèrè mọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé laptop àti maiki lọ bá a. Mo tan bíìtì. Kò lè fọn nǹkan kan, àmọ́ ó ń fi imú kọ ọ́, ó sì ń fi ìka mẹ́ta tẹ orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó di trumpet mú. Mo ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dá mi dúró. "Ó ti yá jù. Jẹ́ kó mí." Mo dín eré rẹ̀ kù. Òótọ́ ló sọ. Ọmọkùnrin kan tó ń fọn trumpet ní ṣọ́ọ̀ṣì ládùúgbò wọn ti ń kọ́ ohun tó fi imú kọ yẹn báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe orin, ẹ jọ̀ọ́, onílù gángan kan wà ládùúgbò yín. Onígìtá jùjú kan wà tẹ́nikẹ́ni ò pè síta mọ́. Ẹ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ sanwó fún wọn, ẹ kọ orúkọ wọn sára orin. Ẹ má ṣe é bí ẹni tó ń ṣàánú, torí iṣẹ́ ni.

Nígbà tí orin tèmi bá jáde, orúkọ Dádì Mushin ló máa ṣáájú. Tẹ́nikẹ́ni bá bi mí bóyá mo pè é ni àbí mo jí i, màá ní mo pè é. Àmọ́ mo pẹ́ kí n tó pè é.