Èdídí inú Ẹ̀rọ: Bí A ṣe ń Yan Èyí tí ó Yẹ àti Orúkọ tí A ó Pè É

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni àwọn nǹkan kéékèèké tí a fi ń dí ibi tí epo, omi tàbí afẹ́fẹ́ lè gbà jò nínú ẹ̀rọ. Àwọn mẹkáníìkì mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó. Àwa olùkọ́ èdè kì í sábà rántí wọn, àfi ọjọ́ tí a bá gbé àyọkà nípa ẹ̀rọ síwájú akẹ́kọ̀ọ́, tí ọ̀kan nínú wọn sì kọ "ọ́ìlì síìlì" sínú ìdáhùn rẹ̀. Ṣé kí a fún un ní máàkì ni, tàbí kí a fa igi lé e? A kò lè dá ẹjọ́ náà láìmọ ohun tí nǹkan yìí ń ṣe, àti ìdí tí a fi ń yan ọ̀kan ju èkejì lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa yóò kọ́kọ́ mú wá ni èdìdì. Inú Bíbélì ni ó ti mọ́ wa lára jù, níbi tí a ti fi èdìdì méje di ìwé inú Ìfihàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe dì ni a rí nínú èdìdì yẹn: a fi ń di ìwé kí ẹlòmíràn má baà tú u. Èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ kì í di nǹkan. Ihò ni ó ń dí, bí a ti ń dí ẹnu ìgò tàbí ẹnu kèrègbè. Nítorí náà èdídí, olóhùn òkè méjì, ni a ó lò níhìn-ín. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i ti da méjèèjì pọ̀.

Ìbéèrè tí ẹni tí ó mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: ṣé ohun tí a fẹ́ dí ń yí ni, àbí ojú kan ni ó wà? Bí irin méjì bá fara ti ara wọn tí wọn kò sì yẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ni a ń fi sáàárín wọn. Pépà líle, rọ́bà tàbí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi ń ṣe é, tí a gé ní ìrísí ojú irin náà. Èyí tí ó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Iná, omi àti ọ́ìlì ni ó ń yà sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà rọ́bà lásán kò lè ṣe é. Níbi tí ojú irin bá kéré tí ó sì rí róbótó, òrùka rọ́bà tí wọ́n ń pè ní óríǹgì ni a sábà ń lò. Inú kòtò tóóró tí a gbẹ́ sára irin ni ó ń jókòó sí. Bí a bá ti dè é mọ́lẹ̀, yóò fún díẹ̀. Bí ohun tí ó wà nínú bá sì ń tì í, yóò tún fún mọ́ ojú ihò náà sí i. Niels Christensen, ọmọ Dẹ́ńmáàkì tí ó lọ gbé ní Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú òrùka yìí ní 1939.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá irin bá ń yí, tí apá kan rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì tí apá kejì sì wà níta, gásíkẹ́ẹ̀tì kò wúlò. Yóò jó tàbí kí ó ya. Iṣẹ́ ọ́ìlì síìlì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ́ńjìnnì tí àwọn apẹja ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ ní etí ọ̀sà ní Ìgbògbò níbí, títí lọ dé Ẹ̀pẹ́. Nídìí ọ̀pá tí ń yí abẹ̀bẹ̀ tí ń ti omi, ọ́ìlì síìlì wà níbẹ̀: òrùka irin tí a fi rọ́bà bò, tí ó ní ètè rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti sípíríǹgì róbótó tí ń fún ètè náà mọ́ ara ọ̀pá. Ọ̀dọ̀ ohun tí a fẹ́ dá dúró ni ètè náà gbọ́dọ̀ kọjú sí. Nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, méjì ni a sábà ń bá, tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn: ọ̀kan ń dá ọ́ìlì dúró sínú, èkejì ń dá omi dúró síta.

Ohun tí ó sábà ń bà á jẹ́ ni okùn náílọ́ọ̀nù tí ó já lára àwọ̀n. Okùn náà á wé mọ́ ọ̀pá lẹ́yìn abẹ̀bẹ̀, á máa gbóná, á sì gé ètè rọ́bà náà. Omi á wọlé, ọ́ìlì jíà á sì funfun bí ògì. Ẹni tí ó bá tú ọ́ìlì náà tí ó rí i bẹ́ẹ̀, tí ó kàn rọ òmíràn sí i, owó rẹ̀ ni ó ń dà sọ́sà. Láìpẹ́ jíà á dípẹtà, ẹ́ńjìnnì á sì dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú agbami. Èdídí ni kí ó pààrọ̀. Nǹkan mẹ́ta ni ó wà nínú ìwọ̀n tí a ń kọ sára rẹ̀, bí àpẹẹrẹ 30-47-7: ìbú ọ̀pá, ìbú ihò tí yóò wọ̀, àti nínípọn rẹ̀, ní mìlímítà.

Ti pọ́ǹpù omi tún yàtọ̀. Àwọn kan ń lo pákììnì, okùn híhun tí a ti fi gíríìsì tàbí irú rẹ̀ rin, tí a wé yí ọ̀pá ká tí a sì fi irin tẹ̀ mọ́lẹ̀. A kì í fún pákììnì pa. Ó gbọ́dọ̀ máa kán tó-tó-tó kí ọ̀pá má baà gbóná. (Ó yẹ kí èyí ya olùkọ́ èdè lẹ́nu: èdídí tí a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó jò!) Òmíràn ni mẹkáníkà síìlì, ojú dídán méjì tí ń yí lórí ara wọn, ọ̀kan ń yí, èkejì dúró. Òun ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù kékeré tí ń fa omi kànga sí táǹkì nílé wa. Kì í kán bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí kànga bá gbẹ tí pọ́ǹpù ṣì ń ṣiṣẹ́, ojú méjèèjì á jó. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá, bí irú èyí tí ó wà ní Odógunyàn ní Ìkòròdú, ohun tí ń gba inú pọ́ǹpù kọjá ni kí a wò. Bí ó bá jẹ́ omi lásán, pákììnì tó, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ásíìdì tàbí epo tí ó lè gbiná, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó máa kán sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìrísí ni ohun tí a fi ṣe é. Rọ́bà igi máa ń wú nínú pẹtiróò àti ọ́ìlì. Náítíráìlì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ooru bá kọjá nǹkan bí 100°C fún ìgbà pípẹ́, yóò le, yóò sì sán. Viton lè fara da tó 200°C. Rọ́bà inú bíréèkì mọ́tò, omi bíréèkì nìkan ni ó bá a mu. Ẹni tí ó bá rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì síbẹ̀, àwọn rọ́bà náà á wú, bíréèkì lè kọ̀ láti mú. Òtútù náà ní ti rẹ̀. Ní 28 oṣù kìn-ín-ní 1986, ọkọ̀ òfuurufú Challenger ti Amẹ́ríkà fọ́ lójú ọ̀run ní ìṣẹ́jú-àáyá 73 lẹ́yìn tí ó gbéra, ènìyàn 7 sì kú. Òwúrọ̀ náà tutù, óríǹgì oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ le, kò tètè fún mọ́ ibi tí ó yẹ kí ó dí. Richard Feynman ki irú rọ́bà náà bọ omi yìnyín níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, gbogbo ayé sì rí i pé kò tètè padà bọ̀ sípò.

A wá padà sí ọ̀rọ̀ máàkì. Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 sì fún wa ní ọ̀rọ̀ fún èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti sọ ti ẹ̀rọ. Àwọn kan yóò fẹ́ ṣẹ̀dá orúkọ gígùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn èdídí yìí. Ní tiwa, èdídí tó fún gbogbo wọn lápapọ̀, kí a sì gba gásíkẹ́ẹ̀tì, óríǹgì, ọ́ìlì síìlì àti pákììnì wọlé bí àwọn ọmọṣẹ́ ti ń pè wọ́n, pẹ̀lú àmì ohùn.

Bí a bá wá béèrè ohun tí a ó fi dí ìdí ọ̀pá tí ń yí nínú ọ́ìlì, ọmọ tí ó kọ ọ́ìlì síìlì gba máàkì rẹ̀ pé. Ẹni tí ó kọ gásíkẹ́ẹ̀tì kò gbà á, bí Yorùbá rẹ̀ tilẹ̀ dán. Ẹni tí ó kọ èdìdì, tí àlàyé rẹ̀ sì tọ̀nà, máàkì àmì ohùn nìkan ni kí a yọ.