Ìmọ́lẹ̀ Àìfojúrí àti Òṣùwọ̀n Ekùrọ́

Gbàgede Tinúbú ní Erékùṣù Èkó ń jẹ́ orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú (ó kú ní 1887), gbajúmọ̀ oníṣòwò tí epo pupa wà lára ọjà rẹ̀. Láyé rẹ̀ náà ni ekùrọ́ di ọjà tí àwọn oníṣòwò Jámánì ń kó láti Èkó lọ sí Hamburg. Ekùrọ́ tútù tẹ̀wọ̀n ju gbígbẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè sọ iye omi tí ó wà nínú rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ kan wà lẹ́yìn pupa tí ojú kì í rí. William Herschel ni ó ṣàwárí rẹ̀ ní 1800. Bí a bá tàn án sí ekùrọ́ lílọ̀, omi a máa gba ìgbì tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 1940 nànómítà mì, epo a sì gba ti nǹkan bí 1725. Èyí tí ó ta padà ni ẹ̀rọ ń kà. Karl Norris lo ọgbọ́n yìí fún ọkà ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ olówó ńlá náà kò dá epo mọ̀ fúnra rẹ̀. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kẹ́míkà fa epo inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ekùrọ́, kí a sì fi èsì rẹ̀ kọ́ ọ. Èyí tí a fi ẹ̀wà sóyà kọ́ yóò ṣi ekùrọ́ wọ̀n, ẹni tí ó gbé ekùrọ́ wá tà sì lè fara gbá àdánù náà.