Ẹ̀wù Àjogúnbá Lára Ògiri Lọ́ńdọ̀nù

Bí a bá dárúkọ Tamale ní ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì àti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn àgbà kò ní béèrè ibi tí ó wà. Níbẹ̀ ni àwọn bàbá àti ìyá wa ti ṣòwò, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n sì bímọ, kí ìjọba Busia tó fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, láti kó kúrò ní Gánà. Ìtàn yẹn di ọjọ́ mìíràn. Ti ọmọ bíbí Tamale kan ni mo fẹ́ sọ, Ibrahim Mahama, tí a bí ní ọdún 1987, àti ohun tí ó fi aṣọ òfì ilẹ̀ wọn ṣe.

Àpò ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí: àpò tí wọ́n fi ń kó kòkó, tí àwọn aláròóbọ̀ sì wá ń fi kó èédú bí ó bá gbó. Ó rán wọn pọ̀, ó sì fi wọ́n bo ara ilé. Ní ọdún 2015, wọ́n fi wọ́n bo ògiri ọ̀nà gígùn kan ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì. Lẹ́yìn náà ni ó kan aṣọ òfì.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn tí ń kọjá lẹ́bàá ilé àṣà ńlá tí wọ́n ń pè ní Barbican, ní Lọ́ńdọ̀nù, rí i pé ògiri kọnkéré rẹ̀ ti wọ aṣọ elésè àlùkò àti píǹkì, tí ó tó nǹkan bí ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin 2,000. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún oníṣẹ́ ọwọ́ ní Tamale, ahunṣọ àti aránṣọ, ni wọ́n ṣe é. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an pọ̀. Nígbà tí kò sí ilé tí ó gbà á, pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù Aliu Mahama ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, tí wọ́n jókòó lé e lórí bí ẹni jókòó sórí ẹní, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn. Purple Hibiscus ni ó pe iṣẹ́ náà, àkọlé ìwé ìtàn àròsọ tí Chimamanda Ngozi Adichie, ọmọ Nàìjíríà wa, gbé jáde ní ọdún 2003. Ó wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹjọ.

Àwọn ẹ̀wù bí 100 tí wọ́n rán mọ́ ara aṣọ náà ni ó gbà mí lọ́kàn jù. Batakari ni wọ́n ń pè é. Àwọn mìíràn ń pè é ní fugu. Ẹni tí ó mọ òfì Ìsẹ́yìn tàbí ti Ìlọrin kò ní ṣì í mọ̀: a ó hun ún tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, a ó rán ọ̀kan mọ́ èkejì, a ó sì fi dá ẹ̀wù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀. Ọba ń wọ̀ ọ́, àgbẹ̀ ń wọ̀ ọ́. Òun ni Kwame Nkrumah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀ ní òru tí wọ́n kéde òmìnira Gánà, ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 1957. Àwọn jagunjagun àtijọ́ a tún máa rán tírà aláwọ mọ́ tiwọn, ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ ẹ̀sìn ní ohun púpọ̀ láti sọ lé lórí nígbà mìíràn.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé káàkiri àríwá Gánà ni Mahama ti gba àwọn ẹ̀wù náà, nípa pàṣípààrọ̀. Àwọn kan ti wà nínú àpótí láti ìran dé ìran. Ṣé ó wá tọ́ kí ẹ̀wù bàbá ẹni kúrò nínú àpótí, kí òjò Lọ́ńdọ̀nù máa pa á? Mo mọ àwọn àgbà tí yóò ní èèwọ̀ ni. Èrò tèmi yàtọ̀. Kòkòrò inú àpótí kò mọ ẹ̀wù ọba yàtọ̀ sí àkísà, ó sì ti jẹ sányán àti àlàárì púpọ̀ nínú ilé tiwa, tí àwọn ọmọ wa kò mọ orúkọ wọn. Ẹ sì kíyè sí i pé kò sí ère ènìyàn kankan nínú iṣẹ́ yìí: aṣọ, òwú àti abẹ́rẹ́ ni.

Síbẹ̀, bí ó bá parí sí Lọ́ńdọ̀nù, n kò ní kọ̀wé nípa rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, ìwé ìròyìn ArtReview fi Mahama ṣe ẹni àkọ́kọ́ lára àwọn 100 tí ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ ọnà lágbàáyé, ipò tí ọmọ Áfíríkà kankan kò dé rí. Tamale, ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ni ó ń kó èrè iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó dá Savannah Centre for Contemporary Art sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2019, ó ṣí Red Clay ní 2020, ó sì ṣí Nkrumah Volini ní 2021. Àwọn oníṣẹ́ ọnà a máa wá gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọn a máa ṣiṣẹ́, ará ìlú a sì wọlé wò ó láìsan kọ́bọ̀. Ní Red Clay, ó gbé ògbólógbòó ọkọ̀ òfúrufú kalẹ̀, ó sì sọ wọ́n di kíláàsì fún àwọn ọmọdé. Olùkọ́ ni mí, mo jowú.

Ní Ìlọrin, àwọn ahunṣọ ṣì wà nídìí òfì wọn, àwọn ìyá amọ̀kòkò sì wà ní Dada, ní Òkèlele. N kò tíì gbọ́ pé ọmọ ìlú kan tí Ọlọ́hun bù kún kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn.