Ológbò Àgbà Nídìí Iná

Kò sí ẹran ọ̀sìn tó mọ ibi tó móoru nínú ilé bí ológbò. Nínú ọgbà ilé ní Múṣin tàbí Súrùlérè, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí oòrùn àárọ̀ ti kọ́kọ́ ń balẹ̀, kó wá ibi tí ológbò nà gbalaja sí. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí sìmẹ́ńtì tutù, yóò gorí fíríìjì, yóò fi ara rọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, yóò gun bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ojúẹlẹ́gba. Àwọn àgbà ní ọmọ ìyá ni òun àti ẹkùn: wọ́n wo ìrìn jẹ́jẹ́ rẹ̀, wọ́n wo ojú rẹ̀ tó ń tàn yanran nínú òkùnkùn. Ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé bó bá pàdé dúdú nínú wọn lóru, orúkọ Jésù tàbí Bísímílà ni yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀, torí ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá ayé. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta gààrí àti ẹ̀wà ní Ọjà Ojúwòyè kò ráyè ìyẹn. Ohun tó mọ̀ ni pé àpò tí ológbò ń sùn tì, èkúté kì í lu ú.

Ooru tí ológbò ń wá kiri yìí nídìí. Ìran ológbò ilé ṣẹ̀ wá láti ara ológbò ìgbẹ́ tó ń gbé àríwá Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ tí oòrùn sì ń mú ganrínganrín. Òun àti ènìyàn ti jọ ń gbé tipẹ́. Ní 2004, àwọn awalẹ̀pìtàn kéde sàréè kan ní erékùṣù Cyprus, níbi tí wọ́n ti sin ológbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Ara aginjù náà ló ṣì gbé wọ̀ títí dòní. Ìgbóná ara rẹ̀ máa ń wà láàárín 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó fi díẹ̀ ju ti ènìyàn lọ. Bí afẹ́fẹ́ tó yí i ká bá sì ti wálẹ̀ kọjá 30, ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí òtútù má bàa mú un. Afẹ́fẹ́ òjò oṣù Keje tí àwa ń gbádùn ní Yábàá, òtútù ni lára ológbò. Ti ọ̀yẹ́ kò ṣeé sọ.

Ológbò tó ṣì lágbára kì í jẹ́ kí iná jó òun. Bí epo bá ta nínú agbada, kó tó balẹ̀, ó ti wà lójú fèrèsé. Ogbó ló ń gba eré náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láti ọdún 11 sókè, àgbà ni ológbò. Bó bá fi rí ọdún 15, ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2002, wọ́n ya àwòrán egungun 100 ológbò tó ti lé ní ọdún 12, wọ́n sì rí i pé oríkèé ara 90 nínú wọn ti ń bàjẹ́. Oríkèé tó ń dunni, ooru ló ń wá. Bí ohun tó ń fà á lọ sídìí iná ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí yóò fi sá kúrò níbẹ̀ ń wúwo. Etí rẹ̀ lè ti di, ojú rẹ̀ lè ti ń ṣe bàìbàì. Awọ ara rẹ̀ pàápàá kò tètè kìlọ̀ fún un: ènìyàn á ti fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ohun tó fọwọ́ kàn bá gbóná tó 44 tàbí 45, ṣùgbọ́n ibi tó nírun lára ológbò lè gba ooru tó lé ní 50 kó tó kọminú. Nígbà tí yóò bá fi dìde, awọ abẹ́ irun ti jóná.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òkété ni wọ́n fi pa òwe náà, ṣùgbọ́n ológbò tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ nípìn-ín níbẹ̀. Ẹni tí ológbò ti bá ṣọ́ gààrí láti ọdún mọ́dún, iṣẹ́ ìṣọ́ ti kàn án.

Nínú ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí wọ́n ń pè ní fésì-mí-n-fésì-ẹ, iná wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ayálégbé. Sítóòfù kẹrosíìnì ni ti ẹnìkan, sílíńdà gáàsì kékeré ni ti ẹlòmíràn, àwọn tí owó gáàsì sì ti lé sá ti padà sídìí èédú. Èédú yìí ló léwu jù fún ológbò àgbà. Bí a bá pa gáàsì, ó kú nìyẹn; ṣùgbọ́n èédú tí a ti sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí rẹ̀ ṣì lè máa jó lábẹ́ eérú fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Eérú funfun ni ojú rí, ẹ̀yinná pupa ló wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ológbò ń fi àyà lé. Kí a bomi pa á dáadáa, tàbí kí a fi ìdérí irin bò ó kí a sì gbé e sókè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Agbada àkàrà náà kò yẹ kó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú epo nínú, torí epo kì í tètè tutù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ológbò òun ti ń sún mọ́ iná jù, kó wo irun gígùn ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá sí ewu, irun náà á nà gbọọrọ. Èyí tó ti ń tọ iná lọ, ṣóńṣó irun rẹ̀ á ká kò bí òwú tí wọ́n fi ìṣáná jó. Bí o bá fi ìka ra á, á ṣẹ́ sí ọ lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, apá kan ló ká, tí èkejì wà bó ṣe wà. Ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ kan náà ló máa ń fi sùn ti iná.

Nínú ohun tó léwu, jẹnẹrétọ̀ ló tẹ̀lé èédú. Ìbáà ṣe ńlá, ìbáà ṣe kékeré tí wọ́n ń pè ní “I pass my neighbour”, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló há a mọ́ inú àgò irin nítorí olè. Àyè àárín irin tí kò gba olè, ológbò gbà á. Nígbà tó bá ń dún, kò ní sún mọ́ ọn. Ìgbà tí ọmọdé bá pariwo “Up NEPA!” tí wọ́n pa á, tí ọgbà dákẹ́, ìgbà náà ló ń wọlé lọ, sàlẹ́ńsà sì ṣì gbóná tó láti bó awọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ, tí a bá dì í yí àgò náà ká, yóò dá a dúró, kò sì ní dí atẹ́gùn. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí òjò gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀: gáàsì carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó ń pa ènìyàn, ó ń pa ológbò. Ní ti ọkọ̀, àwọn kan máa ń gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí kí wọ́n fọn fèrè kí wọ́n tó sitáàtì. Ó dára, àmọ́ ológbò tí etí rẹ̀ ti di kò ní gbọ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà wò.

Nínú yàrá, èékánná ni kí a fọkàn sí. Èékánná ológbò àgbà kì í wọlé dáadáa mọ́, ó máa ń há mọ́ aṣọ. Bó bá há mọ́ aṣọ orí tábìlì, tí ológbò sì fà, kẹ́tùlù, áyọ́ọ̀nù tàbí àbẹ́là tó wà lórí rẹ̀ di tilẹ̀. Ẹ gé ṣóńṣó èékánná náà lóòrèkóòrè, kí ẹ sì má tẹ́ aṣọ sábẹ́ ohunkóhun tó gbóná. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ti irin oníná bọ̀ láti fi se omi ìwẹ̀, ẹ sé ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Òògùn ẹ̀fọn tí a ń sun, inú agolo tó ga ni kó wà.

Lílé nìkan kò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ológbò tí òtútù ń mú, bí a bá lé e kúrò nídìí ààrò, ìdí jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbà lọ. Ooru mìíràn ni ká fún un. Páálí ńlá kan tó, kí a gé ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ kó má baà fò kó tó wọlé, kí a gbé e lé pákó kúrò lórí sìmẹ́ńtì, kí a tẹ́ ìró àtijọ́ sí i. Lálẹ́ òjò, kí a rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ike, kí a dé e pa, kí a fi aṣọ wé e, kí a fi sí apá kan páálí náà, kí apá kejì wà lófìfo, kí ológbò lè kúrò bí ooru bá pọ̀ jù. Omi tí kò bá jó ọrùn ọwọ́ ẹni kò ní jó o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, òdìkejì ni: yàrá abẹ́ páànù a máa gbóná janjan, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn níbẹ̀ láìsí omi àti atẹ́gùn.

Bí iná bá jó o, omi ẹ̀rọ tútù ni kí ẹ máa ṣàn sójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Kì í ṣe yìnyín. Epo pupa, àdí, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín, kẹrosíìnì, kò sí èyí tó yẹ kó kàn án, torí gbogbo ohun tó bá wà lára ológbò ni yóò lá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má fún un ní Paracetamol tàbí Ibuprofen. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè tú Paracetamol bí ti ènìyàn. Ìdajì hóró kan lè pa á. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kódà bí ẹ ò bá rí egbò, torí ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí irun tó re kí ojú iná tó hàn.

Ẹnìkan ló ni ológbò, ṣùgbọ́n gbogbo ayálégbé ló ni iná ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nítorí náà, olówó ológbò kò lè dá a ṣọ́. Kó lọ kí ìyá aláàkàrà ẹnu géètì: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ológbò wa ti darúgbó, etí rẹ̀ ti di. Kí ẹ tó gbé epo sọ̀, ẹ bá mi wolẹ̀.” Kó sọ fún bàbá tó ń tan jẹnẹrétọ̀, kó sọ fún ọmọ tó ń da èédú nù. Wọn yóò gbọ́, àní ẹni tí ẹ̀rù ológbò ń bà pàápàá, torí èkúté tó ń pa láti ọjọ́ yìí wá, kì í ṣe yàrá ẹnìkan ló ti ń pa á.